Ọjọ́ Mẹ́wàá tí Mo Fi Bẹ̀bẹ̀ fún Ajá

Dókítà náà kò wo ọgbẹ́ ẹsẹ̀ mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọ̀rọ̀ ajá ló ń béèrè. Ọmọbìnrin ni, kò lè ju àkọ́bí mi lọ, ní ilé ìwòsàn kan ní Ring Road, ó sì ń rọra bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọlọ́fọ̀ sọ̀rọ̀. “Bàbá, ṣé ajá yẹn ṣì wà láàyè?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wà ní Abẹ́òkúta. “Ṣé wọ́n ti fún un ní abẹ́rẹ́ rí?” Mo ní àwa méjèèjì ò tíì mọra tó bẹ́ẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun máa bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ tèmi lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó yẹ kí wọ́n gún sí ojú ọgbẹ́ gan-an kò sí lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, kí n ní kí wọ́n so ajá náà mọ́lẹ̀, kí wọ́n máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Sátidé ló bù mí jẹ. Kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti Sọ́ńdè. Bí ọjọ́ bá pé tí ara rẹ̀ dá, a jẹ́ pé kò ní àrùn dìgbòlugi, èmi náà sì ti bọ́ nìyẹn. Mo ní, “Bó bá wá kú ńkọ́?” Ó mú bírò, ó ń kọ nǹkan. “Ẹ má ṣáà jẹ́ kí wọ́n pa á. Bí wọ́n bá pa á, a ò ní mọ̀.”

Ó tó ọdún mẹ́rin báyìí. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà, mo ń tẹ̀wé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Agbowó, n kò sì wọ rélùwéè rí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ télọ̀ ní Challenge, àti ọ̀rẹ́ wa kejì, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ní kí á wọ rélùwéè lọ sí Abẹ́òkúta, kí á gun Olúmọ, kí á sùn sílé ẹ̀gbọ́n télọ̀, kí á sì padà ní Sọ́ńdè. Mo bi wọ́n pé kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Télọ̀ ní, “Ìgbádùn ni, kì í ṣe ìsìnkú.” Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà, èmi ti ń lo oògùn náà láti ọmọ ogún ọdún. Nígbà tí a wọkọ̀ ní Mọníyà, mo jókòó sáàárín àwọn méjèèjì kí n lè jìnnà sí fèrèsé. Nígbà tí a dé ìdí Olúmọ, mo gbójú sókè, mo rí àtẹ̀gùn, mo rí ìyá arúgbó kan tó ń sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín, mo ní kí àwọn méjèèjì máa lọ. Mo padà sílé onílé wa kí n má baà fara pa. Mo jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, mo ń jẹ ẹ̀pà, nígbà tí ajá ilé náà wá, ó gbóòórùn mi, ó sì bù mí jẹ ní ọrùn ẹsẹ̀. Kò tilẹ̀ gbó. Ìyàwó onílé fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀. Télọ̀ dé, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ní, “Àpáta tí o sá fún kò mà léyín o!”

Láti ilé ìwòsàn ni mo ti pe bàbá onílé, ẹ̀gbọ́n télọ̀. Kí n tó sọ nǹkan kan, wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, àwọn ti ránṣẹ́ sí ọkùnrin tó ń ra ajá fún àwọn tó ń jẹ ẹ́. “Àlejò mi ni ajá bù jẹ! Kò ní sùn nílé mi mọ́.” Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má pa á.” Mo ṣàlàyé pé dókítà ní kí wọ́n so ó, kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ọn, kí a wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin láàánú o. Nítorí tiyín, ó di ọjọ́ mẹ́wàá.”

Láràárọ̀ ni mò ń pè wọ́n. Màá ní ẹ káàárọ̀ sà, ajá ńkọ́? Wọ́n á ní a dúpẹ́, ó jí ire. Ṣé ó jẹun? Ó jẹun. Ṣé ó mumi? Ó mumi. Ìyàwó mi gbọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ní, “Ẹ ò béèrè àlàáfíà ìyá mi báyìí rí.” Ẹnìkan ti sọ fún mi pé ẹni tó bá ní àrùn náà máa ń bẹ̀rù omi. Mo wá ń bu omi sí ife láràárọ̀, mo ń wò ó bóyá ẹ̀rù rẹ̀ á bà mí. Ó bà mí díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan tí kì í bà mí lẹ́rù.

Ní Mọ́ńdè kejì, bàbá onílé ló kọ́kọ́ pè. “Ọjọ́ pé o! Ọkùnrin yẹn ń bọ̀ lọ́sàn-án ọ̀la.” Wọ́n ti ka Sátidé mọ́ ọn, bí àwọn bàbá wa ṣe ń ka ọjọ́. Ti dókítà ku ọjọ́ kan. Mo ní Túsìdeè ọ̀la gan-an ló máa pé, kí ọkùnrin náà má tètè dé. Wọ́n ní, “Sátidé kì í ṣe ọjọ́ ni?” N kò lè bá àgbà jiyàn lórí fóònù. Èmi àti télọ̀ wọ rélùwéè àárọ̀ Túsìdeè. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo jókòó sí, n kò sì mọ̀ títí a fi dé.

Ajá náà wà lábẹ́ igi, okùn wà lọ́rùn rẹ̀. Mo ra búrẹ́dì àti ẹran dání. Télọ̀ ní, “Èmi tí mo rán ṣòkòtò rẹ lọ́fẹ̀ẹ́, o ò ra búrẹ́dì fún mi rí.” Mo jókòó jìnnà sí ajá náà, mo ń wò ó bó ṣe ń jẹun. Ó mu omi, ó sùn, ó jí, ó tún mu omi. Nígbà tí oòrùn yẹ̀ díẹ̀, mo pe dókítà. Ó bi mí bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń gbé oúnjẹ mì. Ó ní, “Bàbá, ẹ máa sinmi. Ó ti tán. Ẹ ò nílò abẹ́rẹ́ tó kù mọ́.” Ilẹ̀ ni mo jókòó sí, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun.

Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tó ń ra ajá gun ọ̀kadà wọlé. Bàbá onílé bọ́ síta, wọ́n wò mí. “Ẹ̀yin lẹ bẹ̀bẹ̀ fún un. Kí lẹ wí sí i?” Gbogbo wọn ń dúró dè mí. Ajá náà ń lá ojú abọ́ rẹ̀. Mo ní, “Ajá yín ni, sà.” Wọ́n tú okùn náà kúrò lára igi, wọ́n fà á lé ọkùnrin náà lọ́wọ́. Télọ̀ wò mí, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo ti wá ìdáhùn tó dára ju ìyẹn lọ láti ìgbà náà. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ajá tó bù mí jẹ lè bu ọmọ ẹlòmíràn jẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mo rò lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò sì wọ́n mi lẹ́nu. Ìgbà tí ẹ̀bẹ̀ náà wá ku ti ajá nìkan, tí èmi ti bọ́, bàtà mi ni mò ń wá, kí rélùwéè ìrọ̀lẹ́ má baà fi mí sílẹ̀.