Ọjọ́ Tí Lẹ́tà Mi Wọ Fèrèsé Ẹlòmíràn

Ẹ má bínú sí ọ̀nà tí mo gbà ń kọ̀wé. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dárà. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi títí di òní, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́.

Mo rántí ìgbà tí mo ń tẹ ìwé fún àwọn ará wa ní ṣọ́ọ̀bù Alhaji, ọ̀gá mi, ní àdúgbò Atong Abè, nílùú àjèjì tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Fèrèsé méjì ni mo máa ń ṣí lójú kọ̀ǹpútà, ìwé oníbàárà kan níhìn-ín, ti ẹlòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tí mo bá fi máósì tẹ̀ ni lẹ́tà mi ń wọ̀. Ojú mi kì í kúrò lórí bọ́tìnnì, nítorí n kò yára.

Lọ́jọ́ kan, mo tẹ ìwé carte de séjour, ìwé ìgbélùú àlejò, fún ìyá Nàgó kan tó ń ta aṣọ ní Sibang. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni mo tẹ̀ kẹ́yìn. Mo fi máósì tẹ ìwé ọkùnrin kan, mo ti máósì náà padà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo tẹ orúkọ bàbá tirẹ̀ náà, mo gbójú sókè, n kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Èmi ọ̀dẹ̀, mo rò pé oorun ló ń kùn mí. Mo tún fi máósì tẹ ibẹ̀, mo tún orúkọ náà tẹ̀, mo sì tẹ ìwé méjèèjì jáde láìtún wọn kà.

Lọ́sàn-án, ìyá náà padà dé pẹ̀lú omijé. Ọ̀la ni ìwé ìgbélùú rẹ̀ máa kú.

"Lọ́fíìsì, wọ́n ní bàbá méjì ló bí mi! Lójú gbogbo èèyàn! Ọmọ yìí, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Alhaji ní tí mo bá tún dán irú ẹ̀ wò, kí n máa lọ sílé. Ìgbà yẹn ni ọmọ àbúrò rẹ̀, tí wọ́n bí síbí, tó máa ń tún kọ̀ǹpútà wa ṣe, bú sẹ́rìn-ín.

"Tonton, èmi ni mo yí i lánàá. Alábòójútó fèrèsé inú kọ̀ǹpútà ló ń gba gbogbo lẹ́tà téèyàn bá tẹ̀, òun ló ń pín in. Mo ní kó máa tẹ̀lé máósì. Ibi tí ọfà kékeré yẹn bá ti wà, ibẹ̀ ni lẹ́tà ń lọ, kò dìgbà tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́. C'est plus rapide, ó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ!"

"Ṣé o sọ fún un?"

"Ká ní ó kàwé ni, á mọ̀."

Alhaji náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n bẹ ìyá. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí ọwọ́ ẹlòmíràn ṣe. Ẹni tó yí ẹnu ọ̀nà padà tí kò sọ fún onílé, kí ló fẹ́ kí onílé fi orí gbá? Ìyá mi àgbà máa ń sọ pé ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò lè gbàgbé. N kò gbàgbé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ taksí láti ilé mi ní Nzeng-Ayong kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo sì ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo wá ibi tí ọmọ àbúrò Alhaji ti yí i, mo dá a padà sí bó ṣe wà. Mo tún ìwé ìyá tẹ̀, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fi ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun ti kọ̀ǹpútà pa, èyí tí èmi nìkan mọ̀, mo sì gbé ìwé náà lọ sí Sibang. Fóònù ń dún nínú àpò mi, Alhaji ló ń pè. N kò gbé e.