Limota Amọ̀kòkò àti Ọkọ Tó Bá Ogun Kamẹrúùnù Lọ

Ọdún kẹta tí Badmus ti bá àwọn aláàárù lọ sí ogun Kamẹrúùnù ni Limota, ìyàwó rẹ̀, gbọ́ pé ọmọ Ọ̀kà kan ti ti ibẹ̀ dé. Amọ̀kòkò ni Limota ní Ìkàrẹ́. Wọn kò tíì bímọ nígbà tí ìjọba ní kí ìlú yan ọkùnrin tí yóò ru ẹrù sójà. Láti ìgbà náà, bó bá ti ń se oúnjẹ ló ń bu ti ọkọ rẹ̀ sọ́tọ̀. Bílẹ̀ bá mọ́, á gbé e fún àwọn ọmọ kéú.

Ó gbéra láàárọ̀, ó gun òkè Ọ̀kà. Ó bá Zachariah, ẹni tó ti ogun dé, níwájú ilé bàbá rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu. Badmus ará Ìkàrẹ́ ni mo wá béèrè."

"Èyí tó máa ń súfèé bó bá gbẹ́rù?"

Limota sún mọ́ ọn. "Òun ni."

Zachariah ní dókítà àwọn ológun lòun bá ṣiṣẹ́. Ìrẹsì lásán làwọn aláàárù jẹ fún oṣù mélòó kan, ni ẹsẹ̀ Badmus bá wú, ojú rẹ̀ náà wú. "Ẹni tí kò mọ̀ á ní ó ń sanra ni. Dókítà fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú ibẹ̀ jìn, kò sì tètè padà."

"Kí ló fà á?"

"Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò, ó jẹ́ kó tòrò. Pupa lọ sísàlẹ̀, omi kan tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú wà lókè. Ó ní ohun kan wà nínú omi náà tó dà bíi funfun ẹyin. Òun ló ń fa omi mọ́ inú ẹ̀jẹ̀, òun náà ló ń dí ihò ara àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tín-ín-rín ju irun orí lọ. Ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà la fi ń ní in. Bí kò bá tó, omi á máa jò jáde nínú iṣan, á lọ dúró sínú ẹran ara."

Èyí yé Limota. Ìkòkò tó bá ti inú iná jáde, tí wọn kò fi omi èèpo ìrùgbá wọ́n láti dí ihò ara rẹ̀, òógùn ni yóò máa là.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi pamọ́. Ṣé ó kú ni?"

"N kò rí òkú rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ní ká máa lọ, àgọ́ aláìsàn ló wà. Wọ́n ti ń fún un ní ẹ̀wà, wíwú ojú rẹ̀ sì ti ń lọ sílẹ̀. Ó ní kí n sọ fún ọ pé bóun bá dé, òun á tún òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣe."

Ọdún méjì lòjò ń jò sínú ilé náà, Limota kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òrùlé ọ̀hún.

Nígbà tó yá, Mọ́júbọ́lá, aládùúgbò rẹ̀, já ọmọ rẹ̀ Fọlákẹ́ lẹ́nu ọmú. Gbogbo ènìyàn ń yin ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà. Limota tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú ibẹ̀ jìn.

"Kí ni ò ń fún un jẹ?"

"Ẹ̀kọ nìkan ló ń gbà."

"Fún un lẹ́yin, fún un lọ́lẹ̀lẹ̀."

"Ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin, olè ni yóò dà."

"Jẹ́ kó yè ná, kó tó jalè."

Òun fúnra rẹ̀ ló ń se ọ̀lẹ̀lẹ̀ láràárọ̀, tó ń fi bọ́ ọmọ. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, Fọlákẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ léraléra, ẹsẹ̀ rẹ̀ fọn, ojú rẹ̀ kù bíńtín. Ìyá rẹ̀ sunkún nígbà tó rí bó ti rù tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣu tuntun fi jáde, ọmọ ń sáré kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Láti Ìpè àti Etioro ni wọ́n wá ń gbé ọmọ tó wú wá. Àwọn kan kò yè. Gbogbo ẹsẹ̀ tí Limota bá tẹ̀, á dúró wo ojú ibẹ̀ títí yóò fi kún padà, ọkàn rẹ̀ á sì lọ sí àgọ́ tí kò mọ̀ náà.

Jimoh, àbúrò Badmus, bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì pé kó jẹ́ kóun ṣú u lópó. Nígbà kẹta, ó dá wá, ó jókòó ti amọ̀.

"Ìyàwó wa, ọdún kẹsàn-án rèé."

"Mo mọ̀, ọkọ mi." Limota ṣan ọwọ́ rẹ̀, ó gbé oúnjẹ tó bù sọ́tọ̀ fún Badmus jáde. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun."

Jimoh wo àwo náà pẹ́. Ó jẹ ẹ́ tán, ó dúpẹ́, kò sì tún béèrè ọ̀rọ̀ opó mọ́.