Kí Ni Ìyá Tíṣà Jẹ́ sí Mùtíù?

Ilé kan náà lèmi àti ìyá tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Tíṣà jọ ń gbé ní Ẹgbẹ́dá, ilẹ̀kùn tèmi ló kọjú sí tiwọn. Cecilia ni orúkọ wọn. Ará Èkìtì ni wọ́n, iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu ẹ̀. Títí dòní, bí o bá kí wọn wúyẹ́wúyẹ́ láàárọ̀, wọ́n á ní kí o tún àwọn kí dáadáa. Mo fẹ́ràn wọn, àmọ́ òótọ́ wọn máa ń pọ̀ jù fún mi.

Bí wọ́n ṣe dé ilé Mùtíù káfíńtà rèé. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Adéwọlé, ló kọ́kọ́ fẹ́ Àtọ́kẹ́. Adéwọlé kú nígbà tí Tolú, ọmọ wọn, ṣì ń rákòrò. Àtọ́kẹ́ ò ní bàbá, kò ní ìyá mọ́, ló bá jókòó ti ìyá ọkọ ẹ̀, àwọn méjèèjì jọ ń tọ́ ọmọ. Nígbà tí Mùtíù wá ń wá a fẹ́, Àtọ́kẹ́ sọ fún un pé òun ò ní fi Màmá sílẹ̀ láwọn nìkan o. Mùtíù ò jiyàn. Kí wọ́n tó kó dé, ó ti kan bẹ́ẹ̀dì fún ìyá náà, ó sì kan kọ́bọ́ọ̀dù kan tó ń dán gbinrin tì í.

Wọ́n ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Kọ́bọ́ọ̀dù, wọn ò fọwọ́ kàn án. Inú báàgì ńlá kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni aṣọ wọn wà. Wọ́n á fà á jáde, wọ́n á mú èyí tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ sí Máàsì, wọ́n á tún tì í padà. Mo bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní ilé ọkọ kejì kì í ṣe ibi tó yẹ kí ìyá ọkọ àkọ́kọ́ ti máa tẹ́ rẹrẹ, pé ọjọ́ tí Mùtíù bá ní ó tó gẹ́ẹ́, òun ò fẹ́ máa ṣa aṣọ kiri.

Lọ́dún tí ìjọba fi àdúgbò wa dán ètò ìkànìyàn wò, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Olúwaṣìkẹ́mi, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ka èèyàn, wọlé tòun ti fóònù ńlá kan lọ́wọ́. Àtọ́kẹ́ ti lọ sọ́jà, àwa méjèèjì ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Tíṣà dá a lóhùn ketekete. Mùtíù ni olórí ilé, Àtọ́kẹ́ ni ìyàwó, Tolú àti Wàsíù àbúrò ẹ̀ ni ọmọ. Wọn ò ka ara wọn mọ́ ọn.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, mà?"

"Èmi kàn ń gbé ibẹ̀ ni."

"Ṣé inú ìkòkò kan náà lẹ jọ ń jẹun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Mo dá sí i, torí mi ò lè gba ìranù. "Àwọn gan-an ni wọ́n ń sè é."

"Ará ilé ni yín nìyẹn, mà. Kí lẹ jẹ́ sí olórí ilé?"

Ọwọ́ Ìyá Tíṣà dúró nínú ẹ̀wà. Ìyá ọkùnrin tó fẹ́ ìyàwó rẹ kó tó kú, kí ló jẹ́ sí ọ? Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. "Kọ àlejò," ni wọ́n sọ níkẹyìn, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. Ọmọbìnrin náà bi wọ́n ní iye ọdún tí wọ́n ti lò níbẹ̀, wọ́n ní mẹ́sàn-án; ó ní àlejò kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, bóyá kóun kúkú kọ ọ́ pé wọn kì í ṣe ẹbí. Wọ́n mi orí sí i. Ó dùn mí wọra.

Ibẹ̀ ni Mùtíù bá wa, ayùn lọ́wọ́, èérún pákó lórí.

"Ta ni kì í ṣe ẹbí? Kọ ìyá mi síbẹ̀, jàre."

"Bàbá Wàsíù, má parọ́ fún ìjọba," ni Ìyá Tíṣà wí. "Èmi kọ́ ni mo bí ọ."

Inú bí Mùtíù, ohun tí mi ò rí lójú ẹ̀ rí. Ó gbé ayùn sílẹ̀. "Màmá, òótọ́ lẹ fẹ́, àbí? Lọ́jọ́ ìdána, ta ló jókòó sórí àga ìyá ìyàwó? Ta lèmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi dọ̀bálẹ̀ fún lórí símẹ́ńtì gbígbóná yẹn? Ta ló fa Àtọ́kẹ́ lé mi lọ́wọ́, tó ní kí n má fìyà jẹ ọmọ òun?"

Ìyá Tíṣà wolẹ̀. "Èmi ni."

"Ọmọ ta lẹ pè é?"

"Ọmọ mi ni mo pè é. Ọmọ mi náà ni."

Mùtíù kọjú sí Olúwaṣìkẹ́mi. "Kí ló wà níbẹ̀ fún ẹni tó fi ọmọ ẹ̀ fún èèyàn fẹ́?"

Ó fìka wá a. "Òbí ìyàwó wà ńbẹ̀, sà."

"Òun ni kó o mú."

Ìyá Tíṣà ní kó kà á sókè. Ó kà á: Cecilia Akínbọ́lá, òbí ìyàwó. Wọ́n gbé e yẹ̀ wò bí ìgbà tí wọ́n ń máàkì iṣẹ́ ọmọ ilé ìwé, wọn ò rí àṣìṣe kankan. Ni wọ́n bá bú sẹ́kún. "Ọlọ́run mú Adéwọlé lọ, kò sì jẹ́ kí n dẹni tí kò lẹ́nìkan. Ọmọ mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ." Mùtíù ò mọ ibi tó máa fojú sí. Ó ní ẹ̀wà tí a ò tíì gbé kaná yìí, ìgbà wo ló fẹ́ jinná, ebi ń pa òun.

Nírọ̀lẹ́, mo gbọ́ tí Ìyá Tíṣà ń wọ́ báàgì nílẹ̀ nínú yàrá wọn. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ké, ó ké gan-an. Mùtíù tó ń mu gàrí níta gbórí sókè, ó dá iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ mọ̀. Ó dìde, ó mú ìgò òróró.

"Màmá, ẹ dúró ná," ló ní. "Ẹ jẹ́ kí n fi òróró sí i lára."