Garawa Yìnyín

Lọ́jọ́ tí yìnyín bo Thamesmead, àdúgbò wa nílùú òyìnbó, ó dà bíi pé ẹnì kan ti dín ohùn ayé kù. Bọ́ọ̀sì ò wá. Láti bákónì wa lókè, mi ò mọ ibi tí adágún omi iwájú ilé wa pin sí tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mo kàn ń wò ó ni, bí ẹni tí ojú oorun ò tíì dá.

Bí òjò àti yìnyín ṣe ń di odò ni mo kọ́ ní yunifásítì. Wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ ní òkè kan ní Pakistan, kí n lọ máa wọn yìnyín tó ń yọ́ di odò fáwọn abúlé ìsàlẹ̀. Màmá mi kọ̀ jálẹ̀.

"Orí òkè? Ìwọ tí o kì í lè lọ sí Woolwich tó wà nítòsí yìí láì wọ gloves?"

Mo ti dàgbà lóòótọ́, àmọ́ nílé wa, a kì í rìnrìn àjò tí ìyá ò ṣàdúà sí. Lọ́la ni wọ́n ń retí èsì mi. Bí Màmá mi ò bá yọ̀ǹda, mo máa kọ̀wé pé mi ò lọ mọ́.

Mo bá bu yìnyín kún garawa, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rèdíétọ̀ tó ń mú ilé gbóná. Mo fẹ́ kí Màmá mi rí i pé tó bá yọ́ tán, omi rẹ̀ ò ní tó nǹkan, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́nì kan máa wọ̀n ọ́n. Oorun gbé mi lọ lórí àga.

Nígbà tí mo jí, garawa ti ṣófo. Búútà tí Màmá mi fi ń ṣe àlùwàlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nílé wọn n'Ìbàdàn, omi tó bá tọ̀run bọ́, àlùwàlá ló wà fún. Wọn kì í jẹ́ kó ṣòfò. Wọ́n ti wà lórí ìrun; ta ló máa pariwo mọ́ ẹni tó ń kírun?

Wọ́n sálámà, ìrun parí. "Mummy, ẹ ti lo omi mi! Snow yẹn, mo fẹ́ fi hàn yín ni."

"Snow ni? Omi òjò ni mo pè é. Abájọ tó tutù báyẹn. Mo fẹ́ bẹ Ọlọ́run lórí ìrun pé kí wọ́n cancel ìrìn àjò yẹn. Ẹnu mi ò gbà á láti sọ. Àwọn ará ibẹ̀, kí ni wọ́n ń fi omi yẹn ṣe?"

"Wọ́n ń mu ún. Wọ́n fi ń gbin àlìkámà. Wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá, Mummy."

Wọ́n fọwọ́ kan etí aṣọ wọn tó ṣì tutù.

"Lọ bá wọn wọ̀n ọ́n."