Aṣọ́lé Bàbá Onílé Wa

Ohùn bàbá onílé wa ní Ìkòròdú ò tíì kúrò létí mi. Bí a bá ti gbá kọ́nà sí wọn nínú géèmù bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà wọn, aṣọ́lé wọn á dúró bí òpó iná, bọ́ọ̀lù á wọlé. Bàbá á wá sọ fún aṣọ́lé náà pé, "Pẹ̀lẹ́, àwọn tó ṣe ẹ́ á tún ẹ ṣe."

Mo lọ wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní kafé bóyá wọ́n ti fẹ́ tún un ṣe. Àwọn tó ṣe géèmù náà ní àwọn ò tún un ṣe mọ́. Nígbà tí mo sọ fún bàbá, wọ́n ní:

"Ó dáa. Nínú ilé tèmi, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbá kọ́nà wọlé mọ́."

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gbàgbé, mo gbá ọ̀kan wọlé.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo bá ìwé lára ilẹ̀kùn mi: "Kó ẹrù ẹ jáde. Ẹni tó bá lè rẹ́ aláìsàn jẹ ò ṣeé bá gbélé."