Ọwọ́ Mi Ni Mo Fi Dán Ṣọ́ọ̀bù Èékánná Wò

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi nígbà náà pé èmi, mọkálíìkì tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Challenge, yóò jókòó láàárín àwọn obìnrin ní Agbowó kí wọ́n máa bá mi fọ èékánná, n ó ní kí ó lọ sùn, kí oorun dá lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ ẹni lè múni ṣe kò kéré.

Àwọn ọdún 1980 ni, ìgbà tí ọkọ̀ tuntun ti kọjá agbára òṣìṣẹ́, tí oníkálukú rọ̀ mọ́ àlòkù, tí iṣẹ́ àwa mọkálíìkì sì ń ya wọlé. Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Ìyá rẹ̀ ti kú nígbà tó ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ gírámà, èmi nìkan ni mo tọ́ ọ títí ó fi di ẹni tó ń tẹ táìpù ní ọ́fíìsì kan ní Onírèké. Bódìjà ni àwọn òbí ọkọ rẹ̀ ń gbé. Olùkọ́ ni bàbá, olùkọ́ ni ìyá, ẹfun ìkọ̀wé nìkan ló ń kan ọwọ́ wọn.

Ọwọ́ tèmi ńkọ́? Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ti bá a mulẹ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, òun ni ọwọ́ fi ń mọ́. Irọ́ ni! Tèmi ti ń wẹ ara wọn láti ọjọ́ tí mo ti gba fírídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi, wọn ò mọ́. Mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, mo fi yanrìn ha á, ilà dúdú ò kúrò lábẹ́ èékánná mi. Bẹ́ẹ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà wa, bàbá ìyàwó ló ń di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú níwájú pẹpẹ, tí í fi í lé ọkọ lọ́wọ́, onífọ́tò á sì sún mọ́ wọn tímọ́tímọ́ kó tó yà á. Bí mo bá ti rántí ìyẹn, ara mi á bù máṣọ. Ni mo bá lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Baṣọ̀run, akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tí ọwọ́ wọn mọ́ tónítóní. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fa ọmọ yìí lé ọkọ lọ́wọ́." Wọ́n gbà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n ti ń wá télọ̀.

Mo sọ fún ọmọ mi. Ó wò mí títí, ó ní, "Ó dáa, Bàámi." Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ò dùn ún mọ́. Kéèkì wo ni ká ṣe? Èyí tó bá wù yín. Gèlè wo? Èyíkéyìí. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ní kó lọ tún èékánná ṣe nítorí òrùka, ó ní òun ò ṣe. "Kí ni mo fẹ́ fi èékánná ṣe?"

Mo ní, háà, ìyá rẹ̀ ló ń wá. Bí ìyẹn bá wà láyé, òun ni ì bá mú un lọ. Èmi ni bàbá, èmi náà ni ìyá, nítorí náà èmi fúnra mi ni n ó wá ṣọ́ọ̀bù èékánná.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kí ni mo mọ̀ nínú èékánná? Mo dà bí ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì dá sípánà mọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó dá mi lójú ni pé a kì í ra ọkọ̀ láìwà á wò. Bí ṣọ́ọ̀bù kan bá lè fọ ọwọ́ tèmi mọ́, kí ló kù tí wọn ò ní lè ṣe sí ti ọmọ mi?

Mo wa ọkọ̀ ìjàpá mi, ó di Bódìjà. Ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ dé ní ilẹ̀kùn onídígí, fáànù ń yí lókè, àwòrán àwọn òyìnbó tó na ìka gígùn wà lára ògiri. Màdáàmù tó ni ín wò mí láti òkè délẹ̀.

"Bàbá, àwọn tó ń fọ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ iwájú."

"N kò wá fọ ọkọ̀. Ọwọ́ ni mo mú wá." Mo na méjèèjì sí i.

Ó fò sẹ́yìn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kan táwẹ̀lì mi! Ìyàwó àwọn ọ̀gá ló ń wá síbí."

Inú bí mi, n ò ní purọ́. "Ọ̀gá wo? Ọkọ̀ àwọn ọ̀gá náà, ta ló ń tún un ṣe? Ọjọ́ tí tìrẹ bá kú sójú títì, táwẹ̀lì ni kó o fi tì í!"

"Bàbá, ẹ máa lọ ní àlàáfíà."

"N ó lọ! Ta ló fẹ́ sùn síbí?"

Mo ti ilẹ̀kùn náà gbàmù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó sínú ọkọ̀, mo wo ọwọ́ mi lórí sítíárìn. Ìtìjú wà nínú ìbínú náà. Mo ní ṣé ẹ rí i, ohun tí mo sọ náà nìyí, ọwọ́ yìí ò yẹ níwájú pẹpẹ.

Ó kù díẹ̀ kí n padà sí Challenge. Àmọ́ ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Mo bi ìyá kan tó ń ta ọsàn lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n sì ní kí n lọ sí Agbowó, pé obìnrin kan wà lódìkejì géètì yunifásítì tó ń ṣe èékánná fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ṣọ́ọ̀bù onípákó ni mo bá níbẹ̀, àwọn ọmọ yunifásítì tò sórí bẹ́ǹṣì. N kò tíì ṣàlàyé tán tí obìnrin náà ti gbá ọwọ́ mi mú, tó ń yí i síwá sẹ́yìn.

"Háà! Bàbá, ọwọ́ yìí ti ṣiṣẹ́ o! Ẹ jókòó."

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ní, "Papa, na you be the wife?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo ní èmi ni, kí wọ́n bá mi wá ọkọ olówó.

Obìnrin náà po omi gbígbóná pẹ̀lú ọṣẹ, ó rẹ ọwọ́ mi sí i. Ó fi àdín pa á, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó fi kànrìnkànrìn ha á. Ó wá mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ń wa ìdọ̀tí jáde lábẹ́ èékánná kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí èmi náà ń họ púlọ́ọ̀gì. Bí omi bá dúdú, á dà á nù, á tún po òmíràn. Kò fajú ro rárá. Mo ní nínú mi pé ẹni tó lè di ọwọ́ mọkálíìkì mú báyìí, mo lè fi ọmọ mi lé e lọ́wọ́.

"Bàbá, òde wo lẹ̀ ń lọ tó le tó báyìí?"

Mo ní ọmọ mi ló ń ṣègbéyàwó, pé iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí yóò ṣe èékánná rẹ̀ ni mo wá dán wò.

"Ẹ káre! Ẹ fẹ́ kí ọwọ́ yín mọ́ láti fi fà á lé ọkọ lọ́wọ́."

"Rárá o. Ẹ̀gbọ́n mi ni yóò fà á."

Ó dáwọ́ dúró. "Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti ṣaláìsí."

"Ṣé ẹ̀yin náà ti kú ni?"

Mo wò ó. "Kí lẹ wí?"

"Ẹ má bínú sí mi o. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kú ni wọ́n ń bá fà lé ọkọ lọ́wọ́. Ìyá ò sí. Ẹ wá fẹ́ jókòó kalẹ̀ kí ọmọ dúró níwájú ayé bí ẹni tí kò ní bàbá?"

Ó bá tún ń ha ọwọ́ mi lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun, nítorí òótọ́ ni.

Nígbà tó ṣe tán, ọwọ́ náà mọ́ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jọ tèmi. Ilà dúdú kan ṣoṣo ló kù, lábẹ́ èékánná àtàǹpàkò ọ̀tún. Ó ní ìyẹn ò ní lọ, kí a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mi wà nídìí ọbẹ̀ nígbà tí mo délé. Mo ní, "Mo ti rí ibi tí o ti máa ṣe èékánná." Mo na ọwọ́ sí i. Ó gbá a mú, ó gbóòórùn ọsàn wẹ́wẹ́.

"Bàámi! Ẹ lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù èékánná?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú.

Mo ní, "Èmi ni n ó fà ọ́ lé ọkọ lọ́wọ́. Kì í ṣe Bàbá Baṣọ̀run. Ìdọ̀tí ọwọ́ mi ló ń tì mí lójú tẹ́lẹ̀."

Ẹ̀rín náà dá. Ó gbé orógùn sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Mo rò pé ẹ ò fẹ́ fà mí ni. Ta ló ní kí ọwọ́ yín funfun? Ṣé kì í ṣe ọwọ́ yìí ló tọ́ mi?" Èmi náà sunkún. Ọbẹ̀ jóná, a jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi béèrè pé aṣọ tí àwọn ti rán ńkọ́? Mo ní kí wọ́n wọ̀ ọ́ jókòó.

Nígbà tí ọjọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀, mo mú ọmọ mi lọ sí Agbowó. Wòlíì wa ti kìlọ̀ pé kútẹ́ẹ̀sì pupa ò gbọdọ̀ wọ ilé Ọlọ́run, nítorí náà obìnrin náà fi èyí tó rí fẹ́ẹ́rẹ́ kùn ún. A kì í wọ bàtà wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó sì ṣe ti ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Ó wá wo ẹsẹ̀ tèmi, ó mirí. "Bàbá, ẹ gbé e wá." Láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ ìgbéyàwó, n ò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Mo kó ọwọ́ sẹ́yìn bí ọ̀gá ọlọ́pàá, mò ń fi ẹnu tún ọkọ̀ ṣe.

Ọjọ́ pé. Wòlíì béèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì pé, "Ta ni ó fa obìnrin yìí fún ọkùnrin yìí?" Ẹ̀gbọ́n mi gbàgbé, wọ́n ń dìde nínú aṣọ tuntun. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó!" Mo wá fi gbogbo ohùn mi kígbe pé, "Èmi ni! Èmi bàbá rẹ̀!" Gbogbo ìjọ ní halelúyà.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Èékánná rẹ̀ ń dán. Bí onífọ́tò ti sún mọ́ wa, mo rí ilà dúdú yẹn, mo fẹ́ ká àtàǹpàkò mi kò, ṣùgbọ́n ọmọ mi dì í mú gírígírí. Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Gbogbo wa dúró. Wòlíì tẹ̀ sí mi létí, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ fi ọwọ́ ọmọ sílẹ̀ o."

Mo ti fi sílẹ̀. Òun ni kò tíì fi tèmi sílẹ̀.