Àwọn Àtùpà Tó Jáde Wá Wẹ̀

Òórùn kẹrosíìnì àti ti eérú tútù ni mo fi ń rántí Bẹẹrẹ. Bí òórùn méjèèjì bá pàdé níbikíbi tí mo wà, inú mi a dùn lójijì, ẹsẹ̀ mi a sì fẹ́ máa yára, bí ẹni tí oòrùn ń lé bọ̀ lẹ́yìn. Èmi kì í ṣe ẹni tí inú rẹ̀ ń tètè dùn. Àwọn tí a jọ kàwé máa ń sọ pé bí wọ́n bá ní òjò ti rọ̀, n óò kọ́kọ́ jáde lọ fọwọ́ kan ilẹ̀ kí n tó gbà. Wọn kò parọ́ mọ́ mi.

Ó ku díẹ̀ kí a gba òmìnira nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, níbi tí mo ti lọ kọ́ nípa iná mànàmáná, iléeṣẹ́ tó ń pèsè iná sì gbà mí síṣẹ́. Iná ti wà ní Ìbàdàn tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ títì ńlá ló ń gbà kọjá. Òkè-Àdó, níbi tí bàbá mi ti ń ṣe tíṣà, ti ní tirẹ̀. Àárín ìlú gan-an, láti Bẹẹrẹ lọ sí ẹsẹ̀ òkè Màpó, títí dé Ọjà'ba àti Beyerunka, níbi tí páànù ilé ti ń fara kan ara wọn, iná kò tíì wọ ibẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n ṣírò iye iná tí àwọn àdúgbò yìí máa lò, kí a lè mọ bí tiransífọ́mà tí a óò ra ṣe yẹ kó tóbi tó. Tiransífọ́mà ni ẹ̀rọ onírin tó ń gba iná líle tó ti ọ̀nà jíjìn wá, tó sì ń rọ̀ ọ́ kó tó wọlé tọ ènìyàn. Bí ẹrù bá ju agbára rẹ̀ lọ, yóò gbóná títí yóò fi jóná. Ọkọ̀ òkun ló ń gbé e wá. Bí ọ̀kan bá jóná, ó lè ju ọdún kan lọ kí òmíràn tó dé, àdúgbò tó ti rí iná fún ọ̀sẹ̀ kan yóò sì padà sínú òkùnkùn.

Inú mi dùn sí iṣẹ́ yìí débi pé mo ra pẹ́ńsùlù mẹ́ta, mo sì gbẹ́ ẹnu gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà. Ìlànà mi kò le. N óò ka iye ènìyàn tó wà nínú agbo ilé kọ̀ọ̀kan, n óò pín iná fún wọn bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní yunifásítì, n óò wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Agbo ilé ńlá kan ní Bẹẹrẹ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mọ́gàjí, olórí ẹbí wọn, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì bi í pé ẹ̀yin mélòó lẹ ń gbé níbí.

Ó wo bàtà mi, ó wo ìwé ọwọ́ mi. "A ò kéré," ló wí.

Mo ní iye gan-an ni mo fẹ́.

"Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n."

Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa, kọ mẹ́fà."

Mo kọ mẹ́fà. Obìnrin àgbà kan tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́bàá ògiri bú sẹ́rìn-ín, mo sì rò pé ẹlòmíràn ló ń fi rẹ́rìn-ín.

Báyìí ni mo ṣe rìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ilé kan ní mẹ́jọ, òmíràn ní kí n kọ ohun tó bá wù mí, bí n kò bá ṣáà ti ka ọmọ òun mọ́ ọn. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo fa ìlà pupa sí i nídìí, ìṣirò mi sì fi hàn pé tiransífọ́mà kékeré kan ti tó. Ọ̀gá wa, òyìnbó kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, buwọ́ lù ú. Ọjọ́ Ẹtì ni ìwé náà máa lọ sí Èkó pẹ̀lú gbogbo ohun tí a fẹ́ rà lọ́dún náà.

Ní ọjọ́ Ajé, fọ́manù àwọn tó ń ri òpó iná wọlé wá bá mi. Ó ti ń gun òpó kí n tó mọ ìwé kọ. Ó gbé ẹ̀dà ìwé náà, ó nà án jìnnà sí ojú rẹ̀.

"Ọ̀gá kékeré, gbogbo ilé Mọ́gàjí, ènìyàn mẹ́fà?"

"Bí wọ́n ṣe sọ nìyẹn, Bàbá."

"Ìyàwó wọn nìkan ń lọ sí márùn-ún. Ṣé wọn ò sọ fún yín lókè òkun pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ ni?"

Mo mọ òwe náà láti kékeré. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé àwọn ènìyàn ń gbé nínú rẹ̀. Mo bi í ní ẹ̀rí tó ní. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rí lẹ fẹ́? Ẹ wá bá mi ní Bẹẹrẹ láàárọ̀ ọ̀la, kí oòrùn tó mú. Ẹ má wọ bàtà dídán yẹn wá."

Ohun tí mo rí láàárọ̀ ọjọ́ náà kò kúrò lójú mi di òní. Gbogbo àtùpà agbo ilé ti jáde. Wọ́n tò wọ́n sí etí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn ìyàwó ilé sì jókòó tì wọ́n pẹ̀lú eérú àti àkísà, wọ́n ń fọ èédú kúrò nínú ìgò wọn, wọ́n ń gbé wọn sínú oòrùn kí wọ́n gbẹ. Àwọn ìgò náà ń kọ mànà. Obìnrin tó fi mí rẹ́rìn-ín ló ń pàṣẹ láàárín wọn, òun ni ìyálé agbo ilé náà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ilé tí mo kọ ènìyàn mẹ́fà fún, àtùpà mẹ́tàlélógójì ló wà níbẹ̀.

"Ṣé ẹ ò bínú pé mo ń kà á, Ìyá?" ni mo wí.

"Ìwọ ọmọ tíṣà Òkè-Àdó yìí. Ènìyàn lo bèèrè lọ́jọ́sí, o ò bèèrè àtùpà. Ka àtùpà, má ka ọmọ."

Mo rò ó wò. Mo ní ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú wọn ti bàjẹ́, kí wọ́n má tan iná mọ́.

"Àtùpà tó bá ti kú kì í jáde wá wẹ̀," ló fèsì, àwọn ìyàwó ilé sì fi mí ṣẹ̀fẹ̀ títí mo fi jáde.

Mo gba iléeṣẹ́ lọ tààrà, mo sì sọ fún ọ̀gá wa pé ìwé tó buwọ́ lù kò dára. Ó ní òun fún mi di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Bí n kò bá mú òmíràn wá, ti àkọ́kọ́ ni yóò lọ.

Àárọ̀ méjì péré ló kù, àtùpà kì í sì í pẹ́ níta. Bí oòrùn bá ti gun ara ògiri, wọ́n ti kó wọn wọlé. Fọ́manù pín àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sí àdúgbò, èmi náà ń sáré láti agbo ilé dé agbo ilé, eérú lára ṣòkòtò mi. Ìyálé ti ránṣẹ́ ṣáájú wa. Àwọn tó fi ọmọ wọn pamọ́ fún mi ló ń pè mí láti ojúde báyìí pé kí n yà wá ka tiwọn, pé àtùpà ilé àwọn ju ti ilé kejì lọ. Ní Beyerunka, mo rí ìgò kan tó sán, tí wọ́n fi bébà lẹ̀, mo kà á. Ní ilé tó tẹ̀lé e, mo tún bá ìgò kan náà pẹ̀lú bébà kan náà. Baálé ilé náà kò tilẹ̀ tijú. "A kàn yá a ni, kí iye wa má baà kéré ju tiwọn lọ." Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ẹfun sàmì sí ìdí àtùpà tí mo bá ti kà.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, mo padà sọ́dọ̀ ìyálé láti dúpẹ́, mo sì fi inú dídùn sọ iye tí a rí fún un.

"Àwọn tí a ò tíì bí ńkọ́?" ló bi mí.

Mo ní a kì í ka ohun tí kò sí.

"Ta ló ń kọ́lé tí kò ro ti ìyàwó tí ọmọ rẹ̀ máa fẹ́? Fi tiwọn kún un."

N kò rí ẹ̀rí kankan fún ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ náà ti kọ́ mi pé àlejò lójú, kò fi ríran. Mo fi ìdámẹ́rin iye náà kún un, mo sì kọ "ìdàgbàsókè" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ojú má baà tì mí.

Ọ̀gá wa bi mí nínú ìwé wo ni mo ti kà á pé wọ́n ń fi àtùpà ṣírò iná. Mo ní n kò kà á níbì kankan. Ó ní ṣé ó dá mi lójú. "Ti àkọ́kọ́ ló dá mi lójú, sà," ni mo wí. "Èyí, mo fi ojú mi rí i." Ó wò mí, ó fa ìwé ti àkọ́kọ́ ya, ó sì buwọ́ lu èyí.

Ó lé ní ọdún kan kí tiransífọ́mà náà tó dé. Ìlọ́po mẹ́ta èyí tí mo kọ́kọ́ bèèrè ni. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a máa tan iná, èrò kún ẹsẹ̀ òkè Màpó. Èmi àti fọ́manù dúró ti aago tó ń fi bí ẹrù ṣe pọ̀ tó hàn. Mo ti fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ibi tí iye àtùpà wa parí sí. Iwájú rẹ̀ ni ìlà pupa wà, ibi tí ewu ti bẹ̀rẹ̀. Fọ́manù fa ọwọ́ irin náà wálẹ̀. Ẹ̀rọ náà kùn, Bẹẹrẹ mọ́lẹ̀, Ọjà'ba mọ́lẹ̀, páànù tí mo mọ̀ sí pupa rẹ́súrẹ́sú ń dán bíi bàbà, ariwo ayọ̀ sì gba ìlú kan. Ọwọ́ aago ń gòkè. Ó dé ibi àmì mi. Kò dúró.

Fọ́manù wò mí. N kò lè wò ó padà. Ọwọ́ aago wọ inú ìdámẹ́rin tí mo pè ní ìdàgbàsókè, ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tó ku ìwọ̀nba fín-ín-fín kó kan ìlà pupa, ó dúró, ó gbọ̀n díẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́.

"Àwọn ọmọ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé," ni fọ́manù wí.

Ní ọjọ́ kejì, mo bi ìyálé ibi tí ẹrù yòókù ti wá. Ó ní àwọn ìyàwó ẹlẹ́hàá, tí ọkọ wọn kì í jẹ́ kí wọ́n jáde, inú yàrá ni wọ́n ti ń fọ àtùpà tiwọn. Kò sọ ọ́ fún mi tẹ́lẹ̀ nítorí pé n kò bèèrè.

Ọdún mẹ́jọ ti kọjá. Ẹ̀rọ kejì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́ báyìí, nítorí asọ̀rọ̀mágbèsì àti áyọ́ọ̀nù kò jẹ́ kí ọ̀kan tó mọ́. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ń gbé ìṣirò tiwọn wá bá mi, pẹ̀lú ìlà pupa tó gún régé nídìí rẹ̀, mo sì máa ń bi wọ́n pé àwọn tí a ò tíì bí ńkọ́. Wọ́n máa ń wò mí bí mo ṣe wo ìyálé lọ́jọ́ náà.

Ìyálé ṣì wà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lóṣù tó kọjá, mo gba Bẹẹrẹ kọjá, mo sì bá a lórí àpótí pẹ̀lú eérú àti àkísà. Iná wà ní yàrá rẹ̀, mo rí gúlóòbù náà láti ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ní iná ìjọba, àlejò ni, a kì í tìtorí àlejò lé ọmọ ilé jáde. Àtùpà rẹ̀ wà ní etí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gbẹ nínú oòrùn. Mo kà á. Ọ̀kan péré ni.